Àpótí Owó Omíyalé

Òjò tó rọ̀ ní Todmorden lóṣù Èrèlé
kì í ṣe òjò à-fọwọ́-gbọ̀n-nù.
Odò Calder gòkè, ó fo ògiri,
ó wọlé láìkanlẹ̀kùn,
ó jókòó sórí àga tìmùtìmù Màmá Sutcliffe
bí àna tí a ò retí.
Nígbà tó máa lọ, ẹrẹ̀ ló fi dúpẹ́ àlejò.

Èmi Adérèmílẹ́kún ni akápò.
Nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti dìbò,
ọwọ́ mọ́kànlélógún lókè, ọwọ́ mẹ́ta nílẹ̀,
ẹnì kan ti sùn lọ.
Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó kéré. Ó tutù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò mi pè láti Ìkìrun:
“Ẹ̀gbọ́n, a gbọ́ pé ẹ ti dépò.
Ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ló ti ń jẹ o.”
Mo rẹ́rìn-ín. N ò dáhùn.
Mo wo ọrùn mi nínú dígí,
mò ń wá okùn.

Ìwé kan wà tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù,
omi ti kàn án, ó wú bí búrẹ́dì inú tíì.
Ó sọ nípa ààrẹ Amẹ́ríkà kan láyé ọjọ́un,
ọkùnrin sísanra, onírunmú, ọmọ pásítọ̀,
tó gun àga, tó sọ̀, tó tún gùn ún.
Lójú tirẹ̀, ipò kì í ṣe ogún bàbá ẹnikẹ́ni;
ẹrù ìlú ni, tí a fi pamọ́ sọ́wọ́ ẹni,
olówó rẹ̀ ń padà bọ̀ wá béèrè.
Nígbà tó ṣì jẹ́ ṣẹ́rífù,
tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún ọ̀daràn,
kò ti iṣẹ́ náà sí ọmọọṣẹ́ lọ́rùn.
Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.
Ojú ewé yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Èyí tó tẹ̀ lé e ti lẹ̀ mọ́ ọn.
Ọ̀bẹ bọ́tà ni mo fi yà á.
Ọ̀dá dá ní Tẹ́síàsì, àgbẹ̀ ò rí hóró gbìn.
Àwọn aṣòfin ní kí wọ́n fi ẹgbàárùn-ún dọ́là ra irúgbìn fún wọn.
Ààrẹ ní rárá.
Ó ní ará ìlú ló yẹ kó gbé ìjọba ró,
ìjọba ò gbọdọ̀ pọn ará ìlú.

Bàbá olóòótọ́, ibí ni mo ti dúró lẹ́yìn yín.
Mo gbà pé owó ìlú kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ ilé mi.
Ṣùgbọ́n Màmá Sutcliffe, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin,
ń fi ṣíbí bu ẹrẹ̀ nínú bàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú.
Ṣé kí n sọ fún un pé kó gbé ìjọba ró?
Ọgọ́ta ọdún ló fi pọ̀n ọ́n,
láti ilé ìhunṣọ títí dé ilé ìfọṣọ,
ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀.
Bí ọmọ tí a pọ̀n bá dàgbà,
ṣé kò yẹ kó mọ ẹ̀yìn tó gbé e ni?

Lọ́jọ́ Satidé, mo ṣí àpótí níwájú ẹni mẹ́ta.
Ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn fún Màmá. A kọ ọ́ sílẹ̀.
Kápẹ́ẹ̀tì tèmi náà ti rà;
mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ìwé, mo pa á rẹ́,
mo tún un kọ,
mo sún bírò sọ́dọ̀ Greenwood: ìwọ ni kó o pinnu.
Kò tíì pinnu di òní.

Mo fi owó ránṣẹ́ sí Ìkìrun,
nínú owó oṣù tí mò ń gbà nílé ìwòsàn Halifax.
Àbúrò mi ní ó kéré.
Mo ní, ó kéré lóòótọ́, àmọ́ tèmi ni.

Òjò tún ti ṣú lórí òkè.
Mo ti fi fọ́nrán bàtà so kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn.
Okùn tí mò ń wá nìyẹn.